Ohùn Ìyá Agogo àti Ife Omi Méjì

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò nílò aago. Bí Ìyá Agogo bá ti ké láàárọ̀ pé, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi!", ẹni tó ń fọ ẹnu ní ojúlé kẹta á mọ̀ pé aago mẹ́jọ ti lù, ẹni tó ń sùn á fò dìde bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Agogo kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló fún un lórúkọ náà, àwọn olùkọ́ gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tó yá òun alára ń jẹ́ ẹ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi kọ́ kíláàsì karùn-ún nínú yàrá kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé mẹ́rin ló ní, ọ̀kan kò ṣeé ṣí. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Bẹ́ńṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ló ń fún ara wọn mọ́ orí rẹ̀ bí ìṣáná inú páálí. Bó ṣe ń kọ́ wọn kò le rárá. Òun á sọ ọ́, wọn á tún un sọ.

"Afẹ́fẹ́ a máa fa omi lọ sókè!"

"Afẹ́fẹ́ a máa fa omi lọ sókèèè!"

Páànù orí ilé á mì, inú rẹ̀ á dùn. Lójú tirẹ̀, ohun tí ọmọ bá ti fi ẹnu ké, ó ti wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn.

Ibi tó ti kó igbe náà wá jìn. Ó wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí àìsàn kan ki ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn ọ̀hún máa lọ, ó mú púpọ̀ nínú etí obìnrin náà dání. Òun sì ni àkọ́bí. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbé e, á ní, "Ẹ bá mi pe Àkọ́bí." Òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, á ju ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni ń la igi. Ó dàgbà tán, ó ṣì ń ké. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tú ká síbi iṣẹ́, ó wá ku òun àti ìyá rẹ̀ nínú yàrá méjì, kò sì sí ará àdúgbò tí kò mọ ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ó kọ́kọ́ ń ya láàárọ̀ nìkan, bí aṣọ tó ti gbó létí. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, ó jẹ atalẹ̀ títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Nígbà tó di pé ó ń la ẹnu, tí atẹ́gùn lásán ń jáde, ó lọ rí dókítà. Dókítà ti dígí kékeré bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹ ti rí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń fi ọkọ́ roko lójoojúmọ́, bó ṣe máa ń yọ kókó? Nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ti yọ lára okùn ohùn yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Tí ẹ bá tún lọ pariwo, ó lè lọ pátápátá, kó má padà mọ́."

"Dókítà, olùkọ́ ni mí."

"Mo mọ̀, Mà. Mo máa ń gbọ́ yín láti títì."

Dókítà rẹ́rìn-ín, Ìyá Agogo kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ka lẹ́tà kan sí wọn létí. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ dín olùkọ́ kù, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, alábẹ̀wò ń bọ̀. Yóò jókòó nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, yóò wò ó bóyá àwọn ọmọ ń bá ara wọn jíròrò, tàbí olùkọ́ nìkan ló ń dá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí kíláàsì rẹ̀ bá kú jù, ilé ìkẹ́rùsí ni wọn yóò gbé e lọ, níbi tí wọ́n ń to ìwé àtijọ́ àti bẹ́ńṣì tó ṣẹ́ sí. Kò tún ní rí ọmọ kọ́ mọ́ títí yóò fi fẹ̀yìntì.

Ta ni wọn yóò yọ, bí kò ṣe olùkọ́ tí kò ní ohùn? Ìyá Agogo ká ìwé dókítà sí mẹ́rin, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Nítorí alábẹ̀wò yìí kan náà ni wọ́n fi rán obìnrin kan sí wọn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, kò ga ju ọmọ kíláàsì kẹfà lọ, báàgì ọ̀rá kan tí páálí kún inú rẹ̀ kì í sì í kúrò léjìká rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń wá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Wọ́n ń pè é ní Màmá Ọjọ́bọ̀. Kì í dúró níwájú àwọn olùkọ́. Á fa àga sáàárín wọn, á jókòó.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí," ó wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Tó bá di méjì, ẹ ó gbàgbé ọ̀kan sójú ọ̀nà. Òun náà ni pé, tí ẹ bá ti bi ọmọ ní ìbéèrè, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín."

"Ẹ̀wá kẹ̀?" Tíṣà Gígùn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní yàrá tó fara ti ti Ìyá Agogo, tó ga débi pé gbogbo ilẹ̀kùn ló ń foríbalẹ̀ fún. "Màmá, kí n tó ka dé ẹ̀wá, àwọn ọmọ tèmi á ti gbé mi jù síta lójú fèrèsé."

"Wọn ò lè gbé ọ, ẹsẹ̀ rẹ á há," ẹnì kan dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màmá Ọjọ́bọ̀ bá wọn rín in. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ọmọ wo ló ń dà yín láàmú jù, kí lẹ sì rò pé ó ń wá?" Ó pa ẹnu dé. Ó ń wò wọ́n tìfẹ́tìfẹ́, kò sọ nǹkan mìíràn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ bírò rẹ̀ wò. Tíṣà Gígùn wúkọ́. Àfi bíi pé ògiri ń sún mọ́ wọn. Nígbà tó máa tó ẹ̀jọ, olùkọ́ kíláàsì kìíní, tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, tú u sílẹ̀. Ó ní ọmọ kan wà tó ń sunkún lójoojúmọ́, òun kò sì tíì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é rí.

"Ẹ rí i?" Màmá Ọjọ́bọ̀ ní. "Àwa gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ ń bà lẹ́rù."

Ìyá Agogo sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó rò ó pé òun yóò máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọn yóò sì máa gbọ́. Ó dúró níwájú kíláàsì, ó ní, "Ẹ ṣí ìwé yín."

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Tíṣà sọ lọ, dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ṣí ìwé yín."

Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé.

"Rárá, ẹ má tún un sọ."

"Rárá, ẹ má tún un sọ," ni wọ́n wí, bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú koríko kọjá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó máa fi yọ ojú, àwọn tó wà níwájú ti fi ọwọ́ bo ojú tiwọn náà, wọ́n ń dúró de èyí tó kàn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà Gígùn tẹrí ba, ó yọjú. "Ìyá Agogo, ṣé kò sí o? Àwọn ọmọ tèmi ti ya ẹhànnà láti àárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igbe yín ni mo fi ń bá wọn wí!"

Ìyá Agogo fọwọ́ kan ọrùn. "Otútù," ó wí pẹ̀lú atẹ́gùn. Tíṣà Gígùn ní kó pẹ̀lẹ́, ó lọ, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Nílé, ó ń sá fún ojú ìyá rẹ̀. Kí ni yóò sọ? Ẹnu tó ń ké fún un láti kékeré ti kú. Á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á yí ẹ̀yìn padà, á máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Tí ìyá bá béèrè nǹkan, á mi orí láti ibi tó wà, á fọwọ́ júwe, kò ní yíjú. Ó di ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọjọ́ márùn-ún.

"Àkọ́bí mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó mi orí pé rárá, ó sì tún yí ẹ̀yìn padà, kí ìyá má bàa rí omi tó dà lójú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ohun tí Màmá Ọjọ́bọ̀ gbé wá ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, kí ẹnìkejì sì bá a sọ ọ́ síta, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í wúwo lẹ́nu ọmọ bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù dìde, ó ní, "Agogo, jókòó."

Ìyá Agogo jókòó.

"Mo ti ń gbúròó ohùn rẹ kí wọ́n tó rán mi wá síbí. Láti ìgbà tí mo dé, mi ò gbọ́ ọ. Kí ló dé?"

Ó sì pa ẹnu dé. Ìyá Agogo mọ ohun tó ń ṣe, ó tilẹ̀ ń bá a ka á. Kò dé ẹ̀fà tó fi ti ọwọ́ bọ àpò, tó yọ ìwé dókítà, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹkún wá gbé e, ẹkún tí kò ní ohùn, èjìká nìkan ló ń mì.

Màmá Ọjọ́bọ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní pẹ̀lẹ́. "Mi ò ní bá ọ parọ́ fún alábẹ̀wò," ó wí, "mi ò sì ní gbé ẹsẹ̀ lọ sọ fún un. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi. Ohùn kan ló lọ nínú yàrá yẹn. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló kù."

Ó fa páálí mẹ́ta yọ nínú báàgì ọ̀rá, ó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà sí i. Èyí àkọ́kọ́, Kí ni ẹnìkejì rẹ sọ? Èyí kejì, Kí ló jẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀? Èyí kẹta, Ta ni kò gbà?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ rẹ̀, Màmá Ọjọ́bọ̀ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà. Kò mú ìwé dání, kò mú bírò. Ìyá Agogo kọ ìbéèrè sójú pátákó: Ǹjẹ́ irọ́ pípa dára?

"Kò dáraaaa!" gbogbo ilé mì. Ó parí. Ó gbé páálí kẹta sókè, ó kà dé ẹ̀wá, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Eṣinṣin ń kọjá. Ọmọ kan ti ń tòògbé.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó jókòó sórí àga rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n jù sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó yí i sí Màmá Ọjọ́bọ̀: Ó ti tán fún mi.

"Ó ti tán bí? Ohun kan dára níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. O ò dáhùn fún wọn. Mo rí i bí ìdáhùn ṣe ń jó ọ lẹ́nu, o gbé e mì. Mo mọ olùkọ́ ọgbọ̀n ọdún tí kò lè ṣe é. Ìbéèrè rẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Èyí tí gbogbo ẹnu bá lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, orin nìyẹn. Wá èyí tó máa pín wọn sí méjì."

Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnikẹ́ni tó bá wọ kíláàsì yẹn láti òkè, ohun tó kù díẹ̀ káàtó nìkan ló ń sọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ. Ìyá Agogo jókòó pẹ́ lẹ́yìn tí arúgbó náà ti jáde, ó ń wo ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fagi lé ọ̀rọ̀ tó kọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé ife onígíláàsì méjì wá láti ilé. Ó bu omi sí wọn, iye kan náà, ó fi ọmọrí bo ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ gbayawu. Ó yan ọmọbìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ pé láràárọ̀ kó máa fi bírò fa ìlà síbi tí omi ife kọ̀ọ̀kan bá dé. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá jáde, Ìyá Agogo fúnra rẹ̀ ló ń ti yàrá náà, okùn tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Ó ní kí wọ́n bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ méjì ja ìjà lórí páálí kẹta, nítorí èkíní ní èkejì kò gbọdọ̀ má gbà. Alábẹ̀wò sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí aṣọ. Ẹ̀yìn ló kọ sí ilẹ̀kùn. Ó ń ká ìró, ó ń tò ó sínú aṣọ ńlá kan tó tẹ́ sílẹ̀.

"Ilẹ̀ mì lábẹ́ mi, mo mọ̀ pé ìwọ ni," ìyá wí láìyíjú. "Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ. Lọ́la ló ń bọ̀ wá mú mi. Ẹni tó bá ti di ẹrù, kò yẹ kó dúró kí wọ́n sọ ọ́ sí i lójú."

Ìyá Agogo fọwọ́ júwe, àmọ́ ta ló ń wo ọwọ́? Ó mi orí, ta ló ń wo orí? Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó gbàgbé dókítà, ó gbàgbé alábẹ̀wò, ó la ẹnu, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ ké.

"Ìyá mi, rárá!"

Igbe náà jáde bí páànù tí wọ́n ń fa ya. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta dákẹ́ lójijì. Nǹkan kan já nínú ọ̀fun rẹ̀, ó gbóná, ó sì dòfo. Ìyá kò yíjú. Ó mú ìró mìíràn, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

Ó gbọ́ mi, Ìyá Agogo rò nínú ọkàn rẹ̀, kò kàn fẹ́ dá mi lóhùn ni. Èyí dùn ún ju ọ̀fun lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ẹnu lórí omi ìbọ́jú. Wúyẹ́wúyẹ́ gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi páálí mẹ́ta sábẹ́ apá, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó kọjá lára ìyá tó jókòó ti ẹrù, ó lọ síbi iṣẹ́.

Alábẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tínínrín, òwú ló fi so apá kan gíláàsì ojú rẹ̀. Ó kọ àga tí wọ́n gbé fún un, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ìkẹyìn láàárín àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń dún tó bá ti mira. Ìyá Agogo gbé ife méjèèjì síwájú, ó kọ̀wé sójú pátákó: Omi inú ife kejì ti dín kù. Níbo ló lọ?

Wọ́n yíjú sí ara wọn, ariwo kékeré gbòde. Ó jẹ́ kó hó díẹ̀, ó gbé páálí àkọ́kọ́ sókè.

Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká ló dìde. "Ẹnìkejì mi sọ pé Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ló mu ún."

Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì. Ara fèrèsé ló wà lákòókò yẹn, ó wá wo alábẹ̀wò. "Èmi kẹ̀?"

"Lóòótọ́ ni! Ó máa ń ní kí n bu omi wá fún òun."

"Kí ló dé tí kò mu ti inú ife tó ní ọmọrí?"

"Ọ̀lẹ ni. Kò fẹ́ ṣí i."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ohùn kan sì gbà á láti apá òsì, òmíràn gbà á láti apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí gbogbo wọn fi ń ké e bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ké: "Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ló mu ún! Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ló mu úuun!" Páànù mì. Alábẹ̀wò ń kọ̀wé.

Ìyá Agogo dúró, ojú tì í débi pé orí rẹ̀ wú. Òun ló kọ́ wọn. Sáà tó kọjá, nínú yàrá yìí kan náà, gbogbo wọn ni wọ́n ké e pé afẹ́fẹ́ a máa fa omi lọ sókè. Ó wà nínú ìwé wọn, ó ti fi gègé pupa sàmì rere sí i. Omi wá fà lọ lójú wọn, kò sí ẹyọ ọmọ kan tó rántí. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá kọ ọ́, wọn yóò ké e bí orin, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbé ẹfun sílẹ̀. Ó gbé páálí kẹta sókè.

Ta ni kò gbà?

Wọ́n dákẹ́. Ó kà dé ẹ̀wá, kò sẹ́nì kan. Bàtà ọ̀gá dún. Ó kà dé ẹ̀ẹ́dógún. Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́. Ogún.

"Mi ò gbà."

Ọmọbìnrin tó ń fa ìlà ni. Ohùn rẹ̀ kéré, ó fọwọ́ di bẹ́ńṣì mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. "Láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́bọ̀, omi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀n kan náà. Láti Ẹtì dé Ajé, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta sì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè máa mu omi níwọ̀n níwọ̀n báyẹn."

"Ó lè wọlé lọ́jọ́ Àìkú!"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Tíṣà."

Gbogbo ojú yí sí ọrùn rẹ̀.

"Á jẹ́ pé Tíṣà ló mu ún nìyẹn!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín pa alábẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ìyá Agogo gbé páálí kejì sókè, Kí ló jẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀?, ojú sì ti ọmọ náà, ó jókòó.

"Tí wọ́n bá nu ilẹ̀ ilé wa, omi ẹ̀ náà máa ń lọ," ọmọ mìíràn wí. "Kò sẹ́ni tó ń mu omi ilẹ̀."

"Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi náà, inú yàrá ni ìyá mi sá a sí. Kò sí oòrùn níbẹ̀, ó gbẹ."

"Ta ló wá ń kó gbogbo ẹ̀?"

Wọ́n tún dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yìí yàtọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kaná rí yóò mọ̀ ọ́n, ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú híhó ni. Ọmọkùnrin tí eyín rẹ̀ ti ká rọra dìde, ó ń wo ife. "Àbí ohun tí a máa ń ké yẹn ni? Afẹ́fẹ́ a máa fa omi..." Kò ké e parí. Ó yíjú sí Tíṣà. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá Agogo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omijé ti dé ojú rẹ̀.

Alábẹ̀wò dìde, ó na ẹsẹ̀ tó ti kú. "Olùkọ́, ogójì ìṣẹ́jú ni mo ti wà níbí, ẹ ò tíì sọ gbólóhùn kan. Kí ló dé?"

"Ó ń dúró dè wá ni, Sà," ọmọ kan dáhùn.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn náà. Tí Ìyá Agogo bá mi orí lásán, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó wo ọmọbìnrin tó sọ pé òun kò gbà lójú ẹnu mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọmọ náà ṣì di bẹ́ńṣì mú. Ó yí padà sí pátákó, ó mú ẹfun.

Ohùn mi ti lọ. Dókítà ní kí n dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi pamọ́.

Bàtà ọ̀gá dún gidi. "Ẹ fi pamọ́ fún mi? Èmi?"

Alábẹ̀wò gbọ́wọ́ sókè sí i. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún títí ó fi sú àwọn tó ń wò ó. "Mo máa kọ ọ́ pé olùkọ́ yìí kò ní ohùn," ó wí. "Mi ò lè fi í pamọ́, ìwọ̀nba tí ẹ ti fi pamọ́ tó. Mo sì máa kọ ohun tí mo rí. Orúkọ yín kò sí nínú ohun tí mò ń mú lọ lónìí. Ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí dókítà sọ, kí Màmá tó ń wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ bá yín di kíláàsì mú. Lẹ́yìn náà màá padà wá jókòó síbí. Bí ohùn kò bá sí nígbà yẹn, mi ò mọ ohun tí àwọn tó wà lókè yóò sọ. Mi ò lè ṣèlérí."

Ìyá Agogo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́, kò dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àbúrò kò tíì dé. Ìyá Agogo lọ gbé àpótí kejì, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀, ó jókòó, eékún kan eékún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò ti kọjú sí i. Páálí kò wúlò níbí, ìyá kò mọ̀wé. Kò fọwọ́ júwe. Ó kàn ń wò ó, ó sì ń kà.

Nígbà tó dé ẹ̀wá, ìyá fi etí ìró nu ojú. Nígbà tó kọjá ogún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀fun rẹ ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ò bínú sí mi?"

Ó mi orí pé rárá, ó mì í títí.

Ìyá Agogo kò kánjú. "Èmi ni mo lo ohùn rẹ gbó," ìyá wí nígbẹ̀yìn. "Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ìwọ ni o kì í dákẹ́ kí n rí àyè. Ọdún kẹrin rèé tí etí mi ti di pátápátá. Mi ò gbọ́ igbe rẹ mọ́, Àkọ́bí mi. Ẹnu rẹ ni mo ń wò. Bí ètè rẹ bá ti mì, mo ti mọ ohun tí ò ń wí. Ìgbà tí o wá ń kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ní o ti tì mí mọ́ta."

Ọdún mẹ́rin. Ìyá Agogo rántí igbe àná, rántí ìró tí ìyá ń ká sí méjì, sí mẹ́rin. Ó fẹ́ ké. Kò sí ohun tó lè fi ké.

"La ẹnu," ìyá wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má wulẹ̀ fi ohùn sí i. Kí ni mo fẹ́ fi ohùn ṣe?"

Ó la ẹnu. Ẹ má lọ, ó wí, láìsí ohùn kankan.

"Mi ò lọ ibì kankan. Tí àbúrò rẹ bá dé, á jẹun, á padà." Ìyá fi ẹsẹ̀ ti ẹrù sẹ́yìn. "Kí làwọn ọmọ náà ṣe lónìí?"

Ètè Ìyá Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ife méjì, ọmọrí, Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà tó wà lójú fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ tó fi sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò mọ ohun tó wà ní ìparí rẹ̀. Ìyá ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó ń pòṣé níbi tó yẹ. Àwọn tó ń kọjá ń wo ìyá arúgbó tó ń dá rẹ́rìn-ín níwájú ọmọ tí kò sọ nǹkankan. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ sọ ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́, tí ẹnì kankan ládùúgbò kò mọ̀ ọ́n.